Mọ́tò Tí Wọn Ò Tíì Sọ Lórúkọ

Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nígbà tí mo dé Èkó kì í ṣe èrò, kì í sì í ṣe ariwo. Mo kí obìnrin kan tó ń ta omi ní Ojú Ẹlẹ́gbà, mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, màmá, ẹ bá mi mú omi kan." Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé Àgànyìn ni ẹ́ ni?"

Èmi! Èmi tí wọ́n bí sí Kétu! Mo ní, "Ẹ gbà mí o, Yorùbá ni mí. Ọmọ Kétu ni mí."

"Kétu wo? Kétu tó wà ní ọ̀nà Ìkòròdú?"

"Rárá o, Kétu gan-an. Kétu ti Alákétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ló wí, bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́. "Ará Kútọnu."

Bí mo ṣe di ará Kútọnu nìyẹn. Mi ò sùn ní Kútọnu rí láyé mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo débẹ̀, mo sáré ra bàtà, mo sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n lójú ará Èkó, gbogbo ẹni tó bá ti rékọjá bọ́dà wá, Kútọnu ló ti wá, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́. Òyìnbó ló fa ìlà gba àárín oko àwọn bàbá wa kọjá, ó ní kí àwa tó wà níhìn-ín máa sọ Faransé, kí àwọn tó wà lọ́hùn-ún máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti rò pé bí mo bá ti kọjá ìlà yẹn, ọ̀dọ̀ ẹbí ni mo dé. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹ̀, kó sì tún jẹ́ àlejò láàárín wọn. Bóyá kéèyàn má tiẹ̀ gbọ́ ọ sàn.

Orúkọ yẹn náà ló sì bá mi wáṣẹ́. Àǹtí Rísì ní yáàdì tí wọ́n ti ń ta mọ́tò tòkunbọ̀ ní Súrùlérè. Obìnrin ni, ṣùgbọ́n tó bá pariwo, ọkùnrin mẹ́ta á dìde dúró. Wọ́n sọ fún un pé ará Kútọnu kan ń wáṣẹ́, ó ní kí wọ́n mú mi wá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́tò tòkunbọ̀ ń gbà wọlé. Ó bi mí pé, "O mọ mọ́tò dáadáa, àbí?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́tò tí mo mọ̀ ni píkọ̀ọ́pù tí bàbá mi fi ń kó ẹ̀gẹ́, èyí tí wọ́n máa ń fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ mọ́tò láàárọ̀, kí n máa tan ẹ́ńjìnnì wọn kí bátìrì má bàa kú, kí n sì máa sáré lọ sí Ládìpọ̀, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò, tí nǹkan bá kù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Àǹtí rán mi lọ síbẹ̀ fún dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò méjì, tọ̀tún tòsì, mo ná an títí, inú mi dùn, mo ru ú délé bí ẹni ru ẹran iléyá. Àǹtí wò ó, ó ní, "Méjèèjì, ti ọwọ́ òsì ni." Ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń pe àwọn aládùúgbò kí wọ́n wá wo ará Kútọnu tó ra òsì méjì.

Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn yáàdì ni mò ń sùn. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló máa ń le jù fún mi. Gbogbo ìdílé tó wà ládùúgbò á wà níta, wọ́n á máa pe ara wọn lórúkọ láti ojúlé dé ojúlé, kò sì sẹ́ni tó máa pe tèmi. Màmi nìkan ló ń pè mí, lórí fóònù.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Màmi."

"Kí lo jẹ?"

Màá dárúkọ oúnjẹ tí mo gbóòórùn ẹ̀ láti ilé kejì. Inú wọn á dùn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé mo ti fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sílé, níbi tí mo ti dúró níwájú àwọn mọ́tò Àǹtí, ọwọ́ nínú àpò. Mi ò sọ pé tèmi ni. Màmi náà ò béèrè. Nígbà tí mo máa fi gbọ́, gbogbo àdúgbò wa ní Kétu ti mọ̀ pé mo ń ta mọ́tò l'Ékòó, àwọn kan sì ti ń fi ọmọbìnrin wọn lọ Màmi. Bí Àǹtí Rísì bá wá lé mi, ojú wo ni màá fi wọ ìlú? Ojú wo ni Màmi máa fi lọ sọ́jà?

Lílé náà ò sì jìnnà sí ẹnu Àǹtí. Òfin kan ṣoṣo ló ní tí kì í gbọ̀jẹ̀gẹ́ lórí ẹ̀, òfin ìnṣọ́ránsì. Nílé, asíránsì là ń pè é, a sì kà á sí nǹkan tí wọ́n ń rà torí ọlọ́pàá. Àǹtí pè mí jókòó, ó là mí lóye.

"Gbọ́ mi dáadáa. Mọ́tò tó bá wà nínú yáàdì yìí, tàbí tí ìwọ òṣìṣẹ́ mi bá ń wà, abẹ́ ìnṣọ́ránsì mi ló wà. Tó bá lu ẹnikẹ́ni, iléeṣẹ́ wọn á bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí kọ́kọ́rọ́ bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rà á, tèmi ti kúrò lórí ẹ̀ nìyẹn. Tí ti oníyẹn ò bá sì tíì bẹ̀rẹ̀, mọ́tò yẹn ò ní bàbá, kò ní ìyá. Àlàfo nìyẹn. Ògiri tí kò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Ojú ẹ̀ ti rí i rí. Ẹnìkan ti ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹ̀, kò tíì dé òpin àdúgbò tó fi ya wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹni tó rà á ní mọ́tò Àǹtí ṣì ni, Àǹtí ní mọ́tò oníyẹn ni. Télọ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn gbé maṣíìnì ẹ̀ wá sínú yáàdì, ó ń ránṣọ níbẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn oníbàárà ẹ̀ ń wá wọn ara láàárín mọ́tò, títí Àǹtí fi bá a kọ́ ṣọ́ọ̀bù míì.

Ọmọbìnrin Àǹtí wá bímọ ní Ìbàdàn. Ìyá-ìyá gbọ́dọ̀ lọ wẹ ọmọ. Ní òwúrọ̀ tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹrù ẹ̀, ó na ìka sí mi. "Mo fi yáàdì sílẹ̀ fún ẹ. Tí mọ́tò kan bá jáde ní géètì yìí láìní ìnṣọ́ránsì, ìwọ náà tẹ̀lé e jáde. Kútọnu ò jìnnà." Wọ́láì, kò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tó lọ ni Bàbá Tíṣà wọlé. Bàbá Tíṣà ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ti gbé Yábàá látìgbà èwe ẹ̀, mi ò sì rí i láìwọ táì rí, kódà nínú oòrùn. Àwọn ọmọ ẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ ra mọ́tò fún un. Ìyàwó ẹ̀ bá a wá, pẹ̀lú Títí ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí ilé wọn. Wọ́n yan mọ́tò kan tó ní àwọ̀ eérú. Bàbá wo abẹ́ ẹ̀, ó wo inú ẹ̀, ó fi ìka kan táyà bí ẹni ń wò bóyá iṣu jinná. Nígbà tó gbà pé òun máa rà á, ó kù díẹ̀ kí n fò sókè. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi tà nìyẹn.

Mo ní, "Bàbá, ó ku ìnṣọ́ránsì. Ẹ jẹ́ ká ṣe é kẹ́ ẹ tó gbé e jáde."

Bàbá yọ gíláàsì ojú ẹ̀. "Ìnṣọ́ránsì kẹ̀? Lónìí? Ọmọ, ṣé ẹ ò ní àṣà ní Kútọnu ni? Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ ní tiyín?"

"Rárá, bàbá. Ọjọ́ kẹjọ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Mọ́tò yìí ò tíì lórúkọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi ni Fíkà, àlùfáà wa, máa gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ò tíì gbàdúrà, a ti wá ń sanwó ìjàm̀bá sílẹ̀? Ìjàm̀bá á ní, 'Ẹ gbọ́, wọ́n ti ń retí mi.'"

"Ẹ má pè é o," ni Màmá Tíṣà wí, ó sì fọwọ́ lé àyà.

Títí ní, "Dádì, kò rí bẹ́ẹ̀ náà."

"Títí, dákẹ́."

Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n mú kọ́kọ́rọ́ wá. Bí mo bá kọ̀, mo pàdánù oníbàárà. Bí mo bá gbà, Kétu yá. N kò mọ ibi tí èsì ti wá sí mi lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ní tiwa ní Kétu, a kì í gbé ọmọ tuntun jáde kí ọjọ́ ìkómọjáde tó pé. Inú yàrá ìyá ẹ̀ ló ń wà. Yáàdì yìí ni yàrá ìyá ẹ̀."

Bàbá Tíṣà dá gíláàsì ẹ̀ padà sójú. Olùkọ́ ni, ó mọ ìgbà tí wọ́n bá ti dá a lóhùn. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní ìwé?" Ó bọ́ sẹ́yìn, mọ́tò sì dúró sí yáàdì títí di ọjọ́ Ìsinmi.

Àṣé mọ́tò nìkan kọ́ ló máa dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ fèrè pàà! Mo sáré jáde. Bàbá Tíṣà ló jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, pẹ̀lú táì, tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì lórí ìdúró. Màmá wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà sísè. Wọ́n ní kí n tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ tútù. Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lọ́wọ́ mi, èmi ni mò ń tan án tí mo sì ń pa á. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá. Bàbá á ní, "A ti dé Ìbàdàn báyìí," àwọn ọmọ á pariwo, Màmá á ní kó rọra sáré.

Àǹtí pè mí. "Mọ́tò yẹn ńkọ́?"

"Ó wà nínú yáàdì, Àǹtí."

"Àwọn tó rà á ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú mọ́tò."

"Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń jẹ ẹ̀pà."

"Má jẹ́ kí wọ́n da èèpo síbẹ̀," ló wí, ó sì pa fóònù.

Ní ọjọ́ Sátidé, Màmá Tíṣà ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó ní, "Ìwọ ará Kútọnu, wọlé wá jókòó, kí lò ń dúró ṣe bí ọlọ́pàá?" Mo wọlé. Ó fi ẹ̀pà lé mi lọ́wọ́. Ó bi mí nípa Màmi, ó bi mí bóyá wọ́n ṣì lókun, ó ní kí n kí wọn. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ìyá mi lọ́wọ́ mi. Nínú mọ́tò tí kò lọ síbì kankan ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára pé mo dé ibì kan. Mo ń yọ èèpo ẹ̀pà, mi ò lè gbójú sókè.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Èmi ni mo wa mọ́tò, torí bí mo bá wà á, abẹ́ ìnṣọ́ránsì Àǹtí ló ṣì wà. Jalábíà funfun ni aṣọ tó dáa jù tí mo ní, òun ni mo wọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: èmi ọmọ Mùsùlùmí, nínú jalábíà, ní àárín ìdílé Bàbá Tíṣà, tí à ń jó lọ síwájú pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Yábàá, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi.

Fíkà wò mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìwọ ló ni mọ́tò?"

"Èmi ni!" ni Bàbá Tíṣà ké.

Mo ní, "Bàbá ni, sà, ṣùgbọ́n kò tíì di tiwọn tán."

Ìjọ rẹ́rìn-ín. Fíkà náà fi ìwé àdúrà bo ẹnu. Ó gbàdúrà sórí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi, mo sì ṣe àmín tó dún ju ti gbogbo wọn lọ. Àmín ò ní ẹ̀sìn.

Nígbà tó parí, Bàbá na ọwọ́. "Ó yá, mú un wá."

"Bàbá, ìnṣọ́ránsì."

"Ó di ọ̀la. Ta ló ń ta ìnṣọ́ránsì lọ́jọ́ Ìsinmi?"

Mo ti rò pé tí àdúrà bá ti parí, ọ̀rọ̀ parí. Bàbá di kọ́kọ́rọ́ mú. Èmi náà ò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ó fà, mo fà. Àwọn tó wà lẹ́yìn ti dìde dúró, mo sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ní, "Ẹ wo ẹni tó fẹ́ jí mọ́tò Bàbá Tíṣà níwájú pẹpẹ!"

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣàánú mi. Bí mọ́tò yìí bá kúrò lọ́wọ́ mi báyìí, iṣẹ́ mi ti bọ́. Ilé ni wọ́n máa dá mi padà sí. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ìlú pé nǹkan ti dáa fún mi."

Títí fa fóònù yọ nínú báàgì. "Dádì, wọ́n ń ṣe é lórí fóònù. Kò sí ìgbà tí wọn kì í tà á. Ti tọ́ọ̀dù pátì náà tó, èyí tó ń bá èèyàn tún mọ́tò ẹlòmíì ṣe."

Bàbá wo Fíkà. Fíkà ní, "Bàbá Tíṣà, àdúrà ti ṣáájú. Ọmọ tí ẹ fẹ́ sọ lórúkọ, ẹ sọ ọ́."

Ni Títí bá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ò dá a lóhùn. Fíkà ṣẹ́wọ́ sí àwọn akọrin pé kí wọ́n fi orin kan kún un. Wọ́n kọ ọ́ tán, nẹ́tíwọ̀kì ṣì ń yí. Wọ́n tún un kọ. Títí gun orí àga, ó na fóònù sókè sí ibi fèrèsé. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn àwọn tó ń kọ tẹ́núọ̀ ti ń há. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kẹrin, fóònù dún tíìn.

"Ó ti wọlé!" ni Títí ké.

"Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ dáhùn. Mo jọ̀wọ́ kọ́kọ́rọ́.

A jáde síta. Fíkà wọ́n omi àdúrà sí mọ́tò lára, Bàbá Tíṣà wọlé, ó tún táì ẹ̀ ṣe, ó juwọ́ sí wa. Ó ti pẹ́ tó ti wa ọkọ̀ gbẹ̀yìn. Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Bàbá Tíṣà ò wo ibì kankan. Dípò kí mọ́tò lọ síwájú, ẹ̀yìn ló fò sí, gbàù! Ó lọ kọlu ẹ̀gbẹ́ mọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n gbé sábẹ́ igi. Ilẹ̀kùn oníyẹn wọnú, iná ẹ̀yìn ẹ̀ sì fọ́ sílẹ̀.

Mọ́tò Fíkà ni.

Fíkà wo mọ́tò ẹ̀, ó wo omi àdúrà tó kù lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá rọra yíjú sẹ́yìn. Ó ní, "Títí, ṣé ó dá ẹ lójú pé ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, sà."

"Ògo ni fún Ọlọ́run," ni Fíkà wí, látọkàn wá.

Bàbá Tíṣà yọ orí jáde, ẹnu ẹ̀ ò kú. "Mo sọ fún yín! Mo ní ẹ ń pè é! Gbogbo ìgbà tí a ò ní ìnṣọ́ránsì, ǹjẹ́ mo lu ẹnikẹ́ni?" Màmá Tíṣà lọ wo ibi tó ha lẹ́yìn mọ́tò tuntun náà. Ó ní, "Kò burú. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ nílà."

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Àǹtí ni. Oníbàárà ẹ̀ kan wà nínú ìjọ yẹn, ìròyìn sì ti ṣáájú mi dé Ìbàdàn.

"Wọ́n ní mọ́tò mi lu mọ́tò Fíkà!"

"Àǹtí, kì í ṣe mọ́tò yín mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n kọ orin lẹ́ẹ̀kẹrin."

"Orin wo? Ṣé orí ẹ pé?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo sọ ti kọ́kọ́rọ́, mo sọ ti nẹ́tíwọ̀kì. Ọmọ tuntun ń ké lọ́dọ̀ ẹ̀ bó ṣe bi mí pé:

"Ìnṣọ́ránsì ta ló wà lórí ẹ̀ nígbà tó lù ú?"

"Ti Bàbá Tíṣà."

"Kò sí àlàfo?"

"Kò sí, Àǹtí."

Ó ní, "Mi ò tíì lè dé lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ yìí ò jẹ́ ká sùn. Àwọn kan ń bọ̀ wá wo mọ́tò lọ́la. Tètè ṣí yáàdì. Tí wọ́n bá béèrè ọ̀gá, ìwọ ni."

Ó pa fóònù. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì nínú jalábíà mi, mo sì bú sẹ́kún. Àwọn akọrin rí mi, wọ́n rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi, ni wọ́n bá yí mi ká, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ orin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.